Adìẹ Tí Ó Ru Ẹsẹ̀ Mi

2 avril 1964, Ọjọ́bọ̀. Kétu

Orí ẹní ni mo ti ń kọ èyí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wà lórí ìrọ̀rí, ó wú tìmùtìmù, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé wá kí mi. Bí ó bá jẹ́ orí pápá ni mo ti ṣẹ́ ẹsẹ̀, níbi tí mo ti ń ṣọ́ gólì fún kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Porto-Novo, ǹ bá gbé orí mi sókè. Àmù omi àna ẹlòmíràn ni mo já lé lórí.

Sàláwù ló kó ọ̀wẹ̀. Àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a lọ sí Okpomèta lánàá láti bo ilé bàbá Fàsílátù, ọmọ tí ó ń fẹ́, kí òjò tó dé. Ṣòkòtò oko ni gbogbo wọn wọ̀. Èmi wọ bàtà kéǹfáàsì funfun, kí àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ lè mọ̀ pé ará kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mí. Sàláwù ní, "Barnabé, bọ́ bàtà yẹn kí o tó gòkè, koríko ń yọ̀ o." Mo dá a lóhùn ní Faransé. Kò gbọ́ Faransé, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́.

Kò pẹ́ tí mo fi gba inú òrùlé já wálẹ̀. Àmù ńlá tó wà ní igun ilé ni mo bà, ó fọ́ yángá. Omi tí ìyá Fàsílátù ti ń ṣọ́ lò láti ọjọ́ tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú ṣàn gba ẹnu ọ̀nà jáde, ilẹ̀ sì fà á mu. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ mi. Omi ni gbogbo wọn ń wò. Ìyá náà kò bú mi rárá, ó kàn ní, "Háà, omi wa," ó sì rọra jókòó. Bàbá Fàsílátù kọjú sí Sàláwù: "Ṣé irú ọ̀rẹ́ tí o ń kó kiri nìyí?" Sàláwù dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà, ó ń bẹ̀bẹ̀ nítorí mi, èmi sì ń jẹ̀rora lẹ́bàá rẹ̀ pẹ̀lú bàtà funfun mi lẹ́sẹ̀.

Àkàbà tí a fi gun òrùlé ni wọ́n fi gbé mi wálé.

3 avril, Ọjọ́ Ẹtì

Àwọn ará ilé ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá mi ní rárá, ó ránṣẹ́ pe Bàbá Ògúndìran, ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ti dolóògbé. Òun ló ń to eegun ní àdúgbò wa láti ìgbà tí wọn kò tíì bí ìyá mi. Ó fọwọ́ pa ẹsẹ̀ mi láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo àjà, nítorí ojú náà ti ń ṣe bàìbàì. Ó fà á. Mo ké débi pé ewúrẹ́ sá kúrò ní ẹ̀yìnkùlé.

Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n mú adìẹ wá. Ìyá mi mú àgbébọ̀ pupa kan, onírù dúdú, láti inú àgò. Bàbá dá ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó tò ó, ó fi òrí pa á, ó fi ọparun wẹ́wẹ́ àti ọ̀já dì í bó ṣe di tèmi gẹ́lẹ́.

"Òun ni yóò máa rù ú pẹ̀lú rẹ," ni Bàbá wí. "Ọjọ́ tó bá fi ẹsẹ̀ yìí tẹ ilẹ̀ dáadáa ni n óò tú tìrẹ. Ilé yín ni yóò máa gbé. Ẹ kò gbọdọ̀ pa á. Ìwọ Barnabé, o kò gbọdọ̀ fi ẹran rẹ̀ kan ẹnu títí láé. Ẹsẹ̀ rẹ ni."

Mo ní, "Mo gbọ́, Bàbá," mo sì ń rẹ́rìn-ín sínú. A ti kọ́ nípa eegun ní kíláàsì. Kò sí adìẹ nínú ẹ̀kọ́ náà.

Bí ó ti fẹ́ lọ, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà. "Wọ́n ní àwọn ọmọ ilé-ìwé kì í wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Wọ́n ní ọwọ́ Ògúndìran ti rọ. Tí ìwọ bá fi ẹsẹ̀ rẹ rìn lọ ṣe ìdánwò rẹ, wọn óò mọ̀ pé mo ṣì wà láyé." Ìyá mi ní, "Àṣẹ, Bàbá." Ìdánwò BEPC wa, tí a fi ń gba ìwé ẹ̀rí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, di oṣù kẹfà.

11 avril, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ooru. Ìsinmi Àjíǹde ti parí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń padà sí Porto-Novo lónìí. Honoré kọjá wá kí mi kí ó tó wọ ọkọ̀. Ó ní kí n fara balẹ̀, òun á máa da ẹ̀kọ́ kọ fún mi. Ó tún ní, "Má gbàgbé kríkẹ́ẹ̀tì wa o, gbogbo kíláàsì ń retí rẹ."

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀mí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ń ṣe tíṣà ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń gbá eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì yẹn níbẹ̀. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń sọ ní dọ́tọ̀ wa, yàrá tí a jọ ń sùn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, pé mo ti wò ó, pé mo mọ gbogbo òfin rẹ̀, pé Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀mí tiẹ̀ fún mi ní pákó wọn gbá a rí. Kò sí ọmọ Dahomey kankan ní kíláàsì wa tó lè já mi nírọ́. N kò rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí, kí a má tíì sọ pákó.

15 avril, Ọjọ́rú

Òjò àkọ́kọ́! Gbogbo ilé sáré gbé agbada, ìkòkò, garawa, gbogbo ohun tó ní ikùn, sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ìyá mi ń kọrin nínú òjò. Èmi dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń kún, mo ń rò ó bóyá wọ́n ti rí àmù mìíràn ní Okpomèta.

Adìẹ náà ń fi ẹsẹ̀ kan fò kúku kúku. Tọ̀hún ṣì wà nínú ọ̀já.

19 avril, Ọjọ́ Àìkú

N kò lè lọ sí Máàsì. Awakọ̀ kan tó ti Mẹ́kọ dé jíṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀mí: ó ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ wá kí ìyá mi. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta wọn óò gbá kríkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwọn kan láti Èkó, eré ìkẹyìn kí òjò tó le. Bí mo bá lè rìn, òun á mú mi lọ wò ó.

Bàbá Ògúndìran wá, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń wá ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Mo bi í léèrè bóyá ó lè tú u ní Ọjọ́bọ̀. Ó gbé adìẹ lé itan, ó fọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ọ̀já. "Ó ku díẹ̀. Eegun kì í gbọ́ ìkánjú." Mo ní ìdánwò ń bọ̀ o, Bàbá, kíláàsì ń sá mi sílẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀ nígbà tó gbọ́ ìdánwò. Ó ní, "Ní Ọjọ́bọ̀ a óò wò ó. Bí adìẹ bá rìn, ìwọ náà á rìn."

Ìdánwò kọ́ ni mo ń rò. Aṣọ funfun àti pákó ni mo ń rò.

22 avril, Ọjọ́rú

Ojú ń tì mí láti kọ èyí, ṣùgbọ́n n óò kọ ọ́.

Àgbébọ̀ pupa onírù dúdú mìíràn wà nínú àgò ìyá mi. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, wọ́n jọra wọn bí ẹsẹ̀ bàtà méjì. Nígbà tí ìyá mi lọ sóko, mo wọ́ ìdí mi dé ibẹ̀. Mo tú ọ̀já lára arọ, mo sì fi dì í mọ́ ẹsẹ̀ èyí tó dá pé. Ó ta mí ní ìpá, ó ṣá mi ní ọwọ́, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ ní ohùn jẹ́jẹ́, èmi ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo ju arọ náà sáàárín àwọn yòókù, ó ń tiro lọ.

Mo sọ fún ara mi pé nítorí ẹ̀kọ́ ni. Irọ́ ni.

23 avril, Ọjọ́bọ̀

Bàbá dé láàárọ̀. Ó tú ọ̀já lẹ́sẹ̀ adìẹ, ó da àgbàdo sílẹ̀, adìẹ sì fò lọ bá àgbàdo rẹ̀, ó ń rìn bí ìyàwó tuntun. Ìyá mi pàtẹ́wọ́. Bàbá ní kí a mú un padà wá. Ó fọwọ́ pa egungun ẹsẹ̀ náà lọ, pa á bọ̀, ó ní, "Ó jinná bí ẹni tí kò ṣẹ́ rí! Háà! N kò rí irú èyí rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ẹnu ko ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó tú tèmi. Ó dùn mí nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fi ọ̀pá rìn fún ìgbà díẹ̀, kí n má sáré. Láti ilé wa, ọjà ni Bàbá kọjá sí tààrà. Sàláwù ní iwájú àwọn aláta ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Ẹ lọ wo ọmọ Agathe, ó ń rìn!" Agathe ni orúkọ ìyá mi.

Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀mí dé ní ọ̀sán, pẹ̀lú ọsàn, bisikíìtì àti ìròyìn Èkó. Ìyá mi bọ́ sẹ́yìnkùlé láti pa adìẹ fún àlejò. Mo gbọ́ igbe adìẹ, n kò sì rò ó. Ìgbà tí mo jáde ni mo rí ìyẹ́ pupa àti ìrù dúdú nílẹ̀. Èyí tó dá pé wà lára àwọn tó ń jẹ̀ kiri. Arọ ló pa. Èwo ni ì bá pa? Arọ ni gbogbo ayé ń kọ́kọ́ pa.

Ìyá mi bu ìyán fún wa. Ẹsẹ̀ adìẹ ni mo fẹ́ràn láti kékeré, ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àyà ló fi sí abọ́ mi, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀mí. Ẹ̀gbọ́n ní, "Barnabé, o ò jẹun? Àbí ara rẹ kò dá?" Ìyá mi ń wo abọ́ ara rẹ̀.

Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Ohun tó burú jù nínú rẹ̀ nìyẹn.

26 avril, Ọjọ́ Àìkú. Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀mí ti lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa padà sí Kétu. Mo wà lórí ibùsùn rẹ̀. Ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún mi kò ṣe é ká, kíkọ ọ̀rọ̀ yìí ń ni mí lára. N óò sọ ọ́ bó ṣe rí.

Láti inú ọkọ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì ni ẹsẹ̀ náà ti ń wú. Mo fa ṣòkòtò bò ó. Ní òwúrọ̀ àná, Ẹ̀gbọ́n fi mí sórí àga lábẹ́ igi kan lẹ́bàá pápá, ó ní kí n má kúrò níbẹ̀. Ó wọ aṣọ rẹ̀, ó ń dán. Gbogbo wọn wọ funfun láti òkè dé ilẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ gba Ara Olúwa lẹ́ẹ̀kínní.

Wọ́n ri igi mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní apá ìhín, mẹ́ta ní apá ọ̀hún. Ẹnìkan á sáré bọ̀, á fi apá ju bọ́ọ̀lù, ẹnìkejì á fi pákó gbá a. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn á máa rìn kiri bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ariwo, kò sí èébú, kò sí ẹni tó ń pe ìyá ẹnikẹ́ni. Mo bi bàbá tó jókòó tì mí pé ta ló ń borí. Ó ní, "Ó ṣì yá jù láti mọ̀." Oòrùn sì ti wà ní àtàrí. Nígbà tó ṣe, gbogbo wọn fi pápá sílẹ̀. Mo rò pé ó ti parí, mo pàtẹ́wọ́ gidi. Èmi nìkan ni. Tíì ni wọ́n ń lọ mu.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tíì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Bàbá yẹn ń ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú sùúrù. Bí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ṣe ń tan ẹni tó di pákó mú. Bí ẹni náà ṣe ń dúró dè é láìmira. Ó ní bí bọ́ọ̀lù bá kọjá ìlà ẹfun tó yí pápá ká láìsí ẹni tó dá a dúró, máàkì mẹ́rin ni fún ẹni tó gbá a. Inú mi dùn. Fún ìgbà díẹ̀, mo gbàgbé adìẹ.

Pákó kan Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀mí. Máàkì díẹ̀ ló kù kí wọ́n borí àwọn ará Èkó. Ó gbá a, ó dún gbọ̀ọ́! Bọ́ọ̀lù pupa náà ń yí bọ̀ lórí koríko, tààrà sọ́dọ̀ mi, kò sẹ́ni tó lè bá a. Ìlà ẹfun wà níwájú mi. Mo mọ òfin náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún mi ni. Ṣùgbọ́n gólì ni mí. Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń rí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀, tí mo sì ń bẹ́ lù ú. Mo bẹ́ lù ú. Mo kọjá ìlà ẹfun wọ inú pápá, mo fi ọwọ́ ọ̀tún mú un kí ó tó dé ìlà. Òkúta ni wọ́n fi awọ bò, ìka mi yẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó dún bí igi ìdáná.

Mo wà nílẹ̀, mo di bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, mo sì ń retí kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ìyókù. Bàbá àlàyé mi bo ojú. Adájọ́ wọn tó wọ ẹ̀wù gígùn gbé ọwọ́ sókè, àwọn ará Èkó ń jiyàn, n kò mọ̀ títí di báyìí bóyá wọ́n fún Ẹ̀gbọ́n ní máàkì rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e ló wó igi mẹ́ta rẹ̀, eré sì parí fún un. Wọ́n ní bó ṣe ń gbá a, ọ̀dọ̀ mi ló ń wò.

Òun fúnra rẹ̀ ló pọ̀n mí jáde, nínú aṣọ funfun yẹn. Kò bínú. Ó kàn ní, "Ta ló tú ẹsẹ̀ yìí?"

"Bàbá Ògúndìran ni."

"Bàbá yẹn ti darúgbó jù fún iṣẹ́ yìí. Ó yẹ kí ẹnìkan sọ fún un."

Mo wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnu mi wà létí rẹ̀, mo sì dákẹ́.

27 avril, Ọjọ́ Ajé. Kétu

Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀mí ti sọ ọ́ ní gbogbo ilé kó tó padà, pé Bàbá ti darúgbó jù. Kì í ṣe pẹ̀lú ibi. Ó rò pé òtítọ́ ni.

Bàbá Ògúndìran wá, kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, ó tún un tò, ó tún un dì. Ó ní kí wọ́n mú adìẹ wá. Wọ́n mú òpùrọ́ yẹn wá. Ó fọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀ títí. "Èyí rìn," ó wí. "Mo fi ọwọ́ mi kàn án. Kí ló dé tí ọmọ kò rìn?" Kò dá ẹsẹ̀ adìẹ mìíràn. Ó ní òun kò ní fi ọwọ́ tó ti bàjẹ́ jẹ ẹran ọ̀sìn níyà.

1 mai, Ọjọ́ Ẹtì

Òjò ń rọ̀ látàná. Sàláwù mú ẹ̀wà wá fún ìyá mi. Ó ní ọmọ Àyìsátù, aládùúgbò wa, já bọ́ lórí igi máńgòrò, apá rẹ̀ dá. Wọ́n gbé e kọjá ní iwájú ilé Bàbá Ògúndìran, Bàbá ti dìde, ó ti na ọwọ́, wọn kò yà. Ọkọ̀ ni wọ́n gbé e wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọjà, àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé: "Ọ̀dọ̀ Ògúndìran, adìẹ á rìn, ènìyàn á ṣubú."

Sàláwù rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Mo ní kó jọ̀ọ́, orí ń fọ́ mi.

5 mai, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Bàbá Ògúndìran wá pẹ̀lú fìlà ní ọwọ́. Mo rò pé ẹsẹ̀ ló fẹ́ wò. Ó dúró lẹ́bàá ẹní mi, ó ní, "Barnabé, bàbá rẹ ni ọ̀rẹ́ mi. Bó bá wà láyé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni n óò lọ. Kò sí mọ́, ìwọ ni mo wá bá. Mo kánjú tú ẹsẹ̀ rẹ. Mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí. Mo ti ba ìdánwò rẹ jẹ́. Jọ̀ọ́, fi orí jì mí, ọmọ mi."

Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Àgbàlagbà! Ìyá mi sáré dì í mú, ó ń sunkún, ó ń sọ pé, "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má fi èpè lé ọmọ mi lórí." Èmi ní, "Kò sí nǹkan, Bàbá." Ohun tí mo rí sọ nìyẹn. Mo fi orí jì í. Mo fi orí jì í!

9 mai, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

N kò kàwé. N kò lè wo adìẹ.

12 mai, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Sàláwù ní Bàbá ti ń di ẹrù. Ó fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Adakplamè. Ó ti kó gbogbo ọparun rẹ̀ sínú iná, ìyàwó rẹ̀ sì fi se ẹ̀kọ.

Mo ní, "Sàláwù, lọ́la gbé mi lọ síbẹ̀." Ó ní ọjọ́ ọjà ni, èrò á pọ̀. Mo ní nítorí ìyẹn ni.

13 mai, Ọjọ́rú

Orí kẹ̀kẹ́ ni Sàláwù tì mí lọ. Ẹsẹ̀ mi nà síwájú bí pátákó, gbogbo ọ̀nà ọjà ń wò wá. Bàbá jókòó ní iwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù dídì méjì. Àyìsátù wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin méjì, wọ́n wá ra ìkòkò tí ìyàwó Bàbá kò lè gbé lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá lọ, n kò ní sọ ọ́ mọ́.

Mo ní, "Bàbá, adìẹ tí ẹ tú kọ́ ni ẹ dá ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo gbé ọ̀já lé ọmọ ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, nítorí mo fẹ́ lọ wo eré ní Abẹ́òkúta. Ìdánwò kọ́."

Bàbá ní, "Kí ni o wí?"

Mo tún un sọ, mo pariwo rẹ̀. Àwọn tó ń lọ sọ́jà dúró.

"Èyí tí mo dá ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyá mi pa á fún àlejò."

"Ìwọ, ṣé o jẹ níbẹ̀?"

Gbogbo wọn ń wò mí. "Mo jẹ níbẹ̀, Bàbá."

Àyìsátù pariwo, "Yéè! Ó jẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀!" Ẹ̀rín bú. Wọ́n ń na ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń pe àwọn tó wà lọ́nà kí wọ́n wá gbọ́. Sàláwù pàápàá jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n sọ mí ní Ajẹsẹ̀, n kò sì rò pé orúkọ náà á kúrò lára mi mọ́.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ọwọ́ kan pa ọwọ́ kejì láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, bí ó ṣe máa ń pa ẹsẹ̀ ènìyàn.

"Nígbà náà, nǹkan kan kò ṣe ọwọ́ mi?"

"Nǹkan kan kò ṣe é, Bàbá."

Lẹ́yìn náà ni ó bi mí léèrè bóyá adìẹ kejì ṣì wà láàyè. Mo ní ó wà. Ó ní, "Ẹ lọ mú un wá fún mi. Òun ló jẹ́rìí èké, òun ni yóò san án." Ẹ̀rín tún bú. Ìyàwó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù, ó ní òun kò ta ìkòkò mọ́.

14 mai, Ọjọ́bọ̀

Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ látàná. Mo rò pé ó ń bínú ni. Ní ọ̀sán yìí ó wá jókòó sí ẹsẹ̀ ẹní mi, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Mo rí kókó lára eegun ẹsẹ̀ adìẹ náà nígbà tí mo ń kun ún," ó wí. "Mo mọ̀ pé òun ni. Adìẹ ti kú. O ń rìn, inú rẹ dùn. Mo ní kí n má fi ẹsẹ̀ yẹn sí abọ́ rẹ, bóyá àyà kò ní ṣe nǹkan."

"Ìyá, nígbà tí Bàbá fẹ́ kúnlẹ̀ ńkọ́?"

Ó ṣa ẹ̀wà lọ. Ó ní, "Mo ní ọmọ mi ni." Ojú rẹ̀ pọ́n. N kò rí i kí ojú ti ìyá mi rí, èmi ló kọ́ ọ. Ó ní ọ̀la ni òun máa lọ sọ tòun fún Bàbá, kí ó má dà bí ẹni pé èmi nìkan ni.

17 mai, Ọjọ́ Àìkú

Àwọn ọmọdé gba iwájú ilé kọjá: "Ajẹsẹ̀, ẹ kú àárọ̀ o!" Mo dá wọn lóhùn. Àyìsátù ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ kí Bàbá Ògúndìran. Bàbá ní àwọn ilé ìwòsàn dì í dáadáa, kí ó má jẹ́ kí ó gun igi. Sàláwù ní àwọn àna òun ti fún òun ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ní nígbà tí ìyá Fàsílátù gbọ́ ọ̀rọ̀ adìẹ, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó gbàgbé omi rẹ̀. N kò gbàgbọ́ pé ó gbàgbé. Mo ti bẹ Sàláwù kó bá mi wá àmù ńlá kan.

8 juin, Ọjọ́ Ajé

Lónìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ní Porto-Novo. Òjò.

10 juin, Ọjọ́rú

Honoré kọ̀wé. Ó ní ìṣirò le. Ó ní kí n ya pápá kríkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí òun. Mo yà á: igi mẹ́ta, igi mẹ́ta, ìlà ẹfun. Mo tún ya ènìyàn kan sínú ìlà tó nà gbalaja sílẹ̀, mo kọ orúkọ mi sí i. Mo sọ fún un pé ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eré náà nìyẹn.

18 juin, Ọjọ́bọ̀

Bàbá dé pẹ̀lú òpùrọ́ adìẹ náà lábẹ́ apá. Inú yàrá rẹ̀ ni ó ti ń mú un sùn láti ọjọ́ tó dá ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ní ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó tú ọ̀já, ó da àgbàdo sílẹ̀ láàárín ilé. Adìẹ dúró. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó rìn lọ bá àgbàdo. Ìyá mi pàtẹ́wọ́, Sàláwù pàtẹ́wọ́.

Bàbá tú tèmi. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó yá, dìde. Adìẹ ti rìn."

Mo wo adìẹ náà. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí ó tún rìn lọ́la kí a wò ó."